Bí Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Ṣe Dọ̀wọ́n

Bí ẹ bá bi ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà léèrè, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní yunifásítì rẹ̀ fún ẹni tó ń wá oyè àkọ́kọ́. Ẹ wá bi òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báǹkì bọ̀, tí ìwé owó sísan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nílẹ̀ Yorùbá, a mọ ohun tí ọ̀fẹ́ ń jẹ́. Ní January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, ṣílẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó wà ní sukúù fò láti bíi 457,000 lọ sí ohun tó lé ní 811,000. Owó orí àti owó kòkó ló gbé e. Gbogbo ìlú ló dáwó jọ.

Nǹkan yí padà ní 1986. Iye epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, gbèsè ilẹ̀ òkèèrè wúwo, ìjọba Babangida sì gbé ètò tí ará ìlú ń pè ní Sáàpù kalẹ̀. Ìmọ̀ràn àjọ IMF àti Báǹkì Àgbáyé ló wà nídìí rẹ̀: kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí ọjà máa dá iye lé náírà, kí ẹni tó ń jẹ àǹfààní nǹkan máa san owó rẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni Báǹkì Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí owó ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá wọn gbé lára ẹrù náà, kí wọ́n ṣètò owó yíyá fún wọn, kí ìjọba sì yọ̀ǹda ọ̀nà fún aládàáni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yíyá yẹn sọ́kàn.

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí ìwé pé kí ilé-ìkàwé ṣófo. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tó fi di 1993, ó ti lé ní 20. Ká ní jọ́nà ìṣègùn kan ń gba 100 dọ́là lọ́dún: ohun tí owó rẹ̀ kò pé 100 náírà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó lé ní 2,000. Ìjọba lè máa fún yunifásítì ní iye tó ń fún un látẹ̀yìnwá, kó tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un, kí ebi sì máa pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míkà inú láàbù, bẹ́ẹ̀ náà ni owó oṣù olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kó lọ sí Saudi Arabia, South Africa àti Amẹ́ríkà.

Níbi àlàfo yìí ni oríṣiríṣi orúkọ ti jáde: owó ìgbàwọlé, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó iná, owó àga. Ní July 2023, Yunifásítì Èkó gbé iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san láti 19,000 náírà kọjá 100,000. Owó ọ̀ranyàn ni wọ́n pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, díẹ̀ sì dín níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ kéékèèké, ẹsẹ̀ ni òbí fi fèsì: wọ́n kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ládùúgbò tálákà. N kò bá ìyá aláta tó ń sanwó níbẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n tí òbí tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ bá ti kó ọmọ tirẹ̀ kúrò, ta ni yóò lọ pariwo pé òrùlé sukúù ìjọba ń jò?

Kẹ́ńyà náà gbowó lọ́wọ́ òbí fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní 2003, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ya wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó ló ti ń dí wọn lọ́nà.

Ohun tó bá ṣì dúró nínú yunifásítì wa, ìjà ló mú un dúró. Látinú ìyanṣẹ́lódì àti àdéhùn ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ní 1992 ni owó orí ẹ̀kọ́ ti jáde ní 1993, tí iléeṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn nígbà náà. Ẹ wo ilé tuntun ní yunifásítì ìjọba, ẹ ó rí orúkọ TETFund, àjọ tó ná owó náà, lára ògiri rẹ̀.

Owó yíyá tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní 2024. Kò ní èlé. Èyí tó jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, yunifásítì ni wọ́n ń san án fún ní tààrà, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ sì ni ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Kí ọmọ yín tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ ní kó ka orúkọ gbogbo owó tí wọ́n ń torí rẹ̀ yá a.