Àpò Tí Ó Lẹ̀ Mọ́ Ara Dáradára: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Wa ní Àkókó

Ọ̀ràn tí a mú wá sí iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí a sábà máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun ìtìjú kan nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan ní Ìkàrẹ́, tàbí ní Iwárò, tàbí lókè lọ́hùn-ún ní Òkè-Ọ̀kà, bá ti ilé-ìwòsàn dé, tí a kò sì rí i ní ìsìn tàbí ní ọjà mọ́, kí ìjọ má ṣe yára wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù. Ó lè jẹ́ pé àpò kan wà lára ikùn rẹ̀ tí kò lẹ̀ dáradára, tí ẹ̀rù sì ń bà á pé yóò tú láàrin ènìyàn. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà: ara kò rọ ẹni tí ó gbé àpò, ara kò sì rọ àwọn ará ilé rẹ̀.

Nígbà tí jẹjẹrẹ bá mú ìfun, tàbí tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá dá a lu, tàbí tí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá fà á ya, tàbí tí a bí ọmọ láìsí ihò ìdí, àwọn oníṣẹ́-abẹ a máa fa ìfun jáde sí ara ikùn, wọn a sì rán an mọ́ ibẹ̀, kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò. Sítómà ni wọ́n ń pè é. Èdè Gíríìkì ni, “ẹnu” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ti àwọn mìíràn wà fún oṣù díẹ̀, ti àwọn mìíràn wà títí ọjọ́ ayé wọn. Ẹnu ìfun yìí pupa bí inú ẹnu wa, kò sì mọ ìrora, tó bẹ́ẹ̀ tí etí àpò lè máa gé e kí ẹni tí ó ni ín má sì mọ̀.

Ní àtijọ́, aṣọ, ìgbànú àti àpò rọ́bà ni a fi ń gbà á, òórùn rẹ̀ kì í sì í fara sin. Ní ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, ní ọdún 1954, nọ́ọ̀sì kan wà tí ń jẹ́ Elise Sørensen. Thora, arábìnrin rẹ̀, gba irú iṣẹ́-abẹ yìí, kò sì fẹ́ jáde sí gbangba mọ́. Elise rò ó pé bí a bá fi àtè sí etí àpò kan tí a lè lò kí a sì sọ nù, ìtìjú náà yóò kúrò. Aage Louis-Hansen, ẹni tí ń ṣe ohun èlò ike, ni ó bá a ṣe é, nítorí pé aya rẹ̀, tí òun pẹ̀lú jẹ́ nọ́ọ̀sì, rọ̀ ọ́. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Dókítà Rupert Turnbull ti Cleveland rí i pé ẹ̀tù karaya, tí í ṣe oje igi kan ní Íńdíà, a máa lẹ̀ mọ́ awọ-ara tí ó tutù, a sì máa dáàbò bò ó. Ìbátan igi náà ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń ta oje rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣìnà. Nígbà tí àpò bá ń tú, wọn a rò pé àtè ni kò pọ̀ tó, wọn a sì tún fi kún un. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Àtè kò lè lẹ̀ mọ́ awọ tí ó tutù, tàbí tí ó ní òróró, tàbí tí ó ti bó. Ohun kan wà tí ó dà bí àmọ̀ rírọ̀, inú ọ̀pá ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn kan sọ pé gọ́ọ̀mù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gọ́ọ̀mù rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí kòtò àti ìwúnjọ ara, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi amọ̀ dí ògiri tí ó sán. Bí ó bá pọ̀ jù, òun gan-an ni yóò mú kí àpò ṣí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá bọ́ àpò, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ní apá tí ó lẹ̀ mọ́ ara. Ibi tí ìgbẹ́ gbà kọjá yóò hàn gbangba, ibẹ̀ ni a ó sì tún ṣe. Ẹ tún fi ìwọ̀n wo ihò rẹ̀: kí ó fi mìlímítà 2 tàbí 3 péré tóbi ju ẹnu ìfun lọ. Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 àkọ́kọ́, ẹnu ìfun a máa súnkì, ihò tí a gé ní ilé-ìwòsàn yóò sì ti fẹ̀ jù. Omi ìfun kékeré ní pàtàkì a máa jẹ awọ-ara bí ó ti ń jẹ oúnjẹ.

Omi lásán tó láti fi wẹ ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi òrí tàbí àdí pa á, bí ó ti wù kí ìyá àgbà ilé fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ pátápátá. Bí awọ bá ti bó tí ó ń ṣomi, ẹ wọ́n ẹ̀tù díẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbọn èyí tí ó kù dànù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú ìdí àpò náà gbóná díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo àtè tuntun, kí ó kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò ní apá kejì ikùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ti gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ táyà tàbí bàtà, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe kan ara rárá, yóò bó awọ lọ ni.

Ooru ilẹ̀ wa a máa dín ọjọ́ àpò kù. Ẹni tí ń roko tàbí tí ń gun òkè Ọ̀kà yóò làágùn, kí ó sì máa retí láti pààrọ̀ tirẹ̀ kíákíá ju ẹni tí ó jókòó lọ. Kí a da ohun inú rẹ̀ nù nígbà tí ó bá kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ìwúwo má ba à fà á bọ́. Àpò wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìtajà oògùn ni ó ní i, nítorí náà ọjọ́ kan tí a fi kún ti ẹyọ kan kì í ṣe ohun kékeré fún ilé tí owó kò pọ̀ sí. Kí ẹ̀yin ìyá máa so ìró yín sí òkè àpò tàbí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lé e lórí.

Bí awọ bá bó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ìfun bá di dúdú, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an.