Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń ṣa akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: Ohun tó yẹ kí òbí àti ọmọ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ mọ̀

Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde lọ́dọọdún, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń gba ẹnu àwọn òbí láti Mafólúkù títí dé Òkòta, láti Ajao Estate títí dé Òkè-Afá: "Èélòó lọmọ yín gbà?" Nínú 400 tí ìdánwò náà jẹ́, inú ẹni tí ó gba 290 yóò máa dùn, ẹni tí ó gba 170 yóò káwọ́ lérí. Máàkì yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò sọ bóyá ọmọ yóò wọ Yunifásítì Èkó tàbí LASU, tàbí bóyá yóò tún jókòó sílé di ọdún mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò béèrè irú ènìyàn tí ọmọ náà jẹ́, ohun tí ó máa ń ṣe bí ó bá ti ilé-ìwé dé, tàbí ìdí tí ó fi fẹ́ kàwé rárá.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí ó jẹ́ pé ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni wọ́n fi ń yan ọmọ. Máàkì ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán ló jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọpọlọ wọn pé ní agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni kò gbọ́ nípa wọn rí. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n sì rò pé ọmọ olówó nìkan ló wà fún. Àwọn kan tilẹ̀ ti kówó fún alágbàtà nítorí rẹ̀, wọn kò sì rí nǹkan kan gbà bọ̀.

IRÚ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ WO NÌYÍ?

Liberal arts college ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré ni, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í sábà ju ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta lọ, kíkọ́ ọmọ gba oyè àkọ́kọ́ sì ni iṣẹ́ wọn gan-an. Ẹni tí ó fẹ́ di onímọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ yóò kọ́ ìtàn, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé tó já gaara, yóò sì kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó yàn láàyò. Olùkọ́ mọ orúkọ ọmọ, ọmọ náà sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́. Nítorí pé àyè ibẹ̀ kò pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń ṣa ẹni tí wọn yóò gbà bí ìyá ṣe ń ṣa ẹ̀wà kó tó gbé e kaná. Ní Amherst àti Swarthmore, tí wọ́n jẹ́ méjì nínú àwọn tí orúkọ wọn ròkè jù lọ ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ọmọ tí ó bá kọ̀wé sí wọn, àwọn tí wọ́n ń gbà lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò pé 15.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1923, Bethune-Cookman College ní ìpínlẹ̀ Florida ló ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1950. Mary McLeod Bethune, obìnrin aláwọ̀dúdú kan, ló fi ìpìlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀ ní 1904 fún àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọn kò rí àyè kàwé. Láti ibẹ̀ ni Fáfúnwá ti kọjá sí Yunifásítì New York, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1958. Òun náà ló padà wá jẹ́ aṣáájú iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, kó tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990.

ỌMỌ GÁNÀ TÍ Ó GBÉ E WÁ SÍLÉ

Lónìí, irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti wà nítòsí. Ní 1985, Swarthmore fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Gánà, Patrick Awuah, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó kàwé nípa iṣẹ́ ẹnjiníà àti ètò ọrọ̀ ajé, ó jáde ní 1989, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Microsoft. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò nílé. Ó padà sí Gánà, ó sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 2002 pẹ̀lú ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ péré, nínú ilé tí wọ́n háyà ní Accra. Ashesi ni ó sọ ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí "ìbẹ̀rẹ̀" ní èdè Akan. Ní 2011, wọ́n kó lọ sí orí òkè Berekuso, ní ẹ̀yìn Accra. Ní 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí ó sì di 2018, ìjọba Gánà fún wọn ní àṣẹ láti máa fi orúkọ ara wọn fún ènìyàn ní oyè.

Títí di òní, kékeré ni Ashesi ṣì jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yunifásítì ńlá. Gbogbo ọmọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tàbí ti òwò, ló ń kọ́ ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà àti ìwà aṣáájú. Láti 2008 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà òtítọ́ ti ń jókòó ṣe ìdánwò láìsí olùṣọ́ kankan lórí wọn. Ẹni tí ó bá rí ẹlòmíràn tí ó ń jí ìwé wò gbọ́dọ̀ sọ. Kí ọmọ tí ó ti ra èsì WAEC rẹ̀ ní "míráàkù sẹ́ńtà" rò ó dáadáa kó tó kọ̀wé síbẹ̀.

ILẸ̀KÙN AMẸ́RÍKÀ TI HÁ

Tẹ́lẹ̀ rí, Amẹ́ríkà ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, àwọn dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà ìwé kíkà dúró, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, kí ó kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ibi tí òfin náà dé, kó tó ná kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù.

Ti Gánà yàtọ̀. Láti Oṣòdì, ọ̀nà Mile 2 àti Badagry ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni mọ́tò ti ń gba Kútọnu àti Lómè kọjá sí Accra. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gánà, nítorí àdéhùn ECOWAS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí yóò pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Ìdánwò WAEC tí àwọn ọmọ ń ṣe ní Ìsọlọ̀ kò sì ṣàjèjì sí wọn, Accra gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ WAEC wà.

KÍ NI WỌ́N Ń WÒ LÁRA ỌMỌ?

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Kì í ṣe èsì àṣekágbá nìkan, èsì ilé-ìwé fún ọdún mélòó kan ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí iye tó kọ̀wé bá sì ti pọ̀ ju àyè lọ, kírẹ́díìtì lásán kì í tó.

Ìkejì ni àròkọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, nítorí wọ́n rò pé àwọn gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ohun tí ẹni tí ó ń ka ìwé náà fẹ́ mọ̀ ni bí ọmọ ṣe ń ronú. Bí ọmọ kan bá ń bá ìyá rẹ̀ ka owó ọjà lálaalẹ́ ní Oṣòdì, tí ó sì wá ṣe ìwé ìṣirò kan tí ìyá fi mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Kí ó sọ ohun tí ó rí, ohun tí ó ṣe, ibi tí ó ti kùnà àti ohun tí ó yí padà. Iṣẹ́ ọjà kì í ṣe ohun ìtìjú lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ kún ìwé rẹ̀ ti fi nǹkan hàn. Àròkọ tí alágbàtà kọ, tàbí tí kọ̀ǹpútà bá ọmọ kọ, máa ń jọra wọn bí ìbejì, àwọn tí ó ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ dá a mọ̀.

Ìkẹta ni ìwé ìjẹ́rìí olùkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ìṣòro ọmọ ilé-ìwé ìjọba pọ̀ jù níbí. Nínú kíláàsì tí èrò ti kún dé ẹnu ọ̀nà, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe mọ ẹnì kan dáadáa débi tí yóò fi kọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀? Ìwé tó kàn sọ pé "ọmọ dáadáa ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà" kò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùkọ́ mọ òun, kí ó máa béèrè ìbéèrè, kí ó máa dúró lẹ́yìn kíláàsì, kí ó máa kó iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ìkẹrin ni ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ aṣàríyànjiyàn, iṣẹ́ ọwọ́, tàbí kíkọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò. Kì í ṣe bí ó ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń wò, bí ó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀ ni. Wọ́n sì lè pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tí kò bá kọ àròkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í jẹ́ kí ọmọ kọ̀wé rárá nítorí owó tí wọ́n rí. Òótọ́ ni pé owó náà ń dẹ́rù bani. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ìyẹn 80,000 dọ́là, fún ọdún kan. Owó Ashesi kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè mú jáde láti inú èrè ọjà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ síta kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń san. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó wà tí òbí yóò ti sọ iye tó ń wọlé fún un, iye ọmọ tó ń tọ́ àti ìnáwó rẹ̀. Ohun tí ìdílé lè san ni wọ́n fi ń pinnu ìrànwọ́. Láti 2012 ni Àjọ Mastercard Foundation pẹ̀lú Ashesi ti jọ ran ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí òbí wọn kò rí jájẹ lọ́wọ́ láti kàwé níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí òbí mọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀, bí Amherst, kì í wo owó ìdílé bí wọ́n bá ń yan ọmọ, kódà bí ó jẹ́ àjèjì. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ọmọ àjèjì tí ó ń béèrè owó púpọ̀ ń du àyè tí kò tó nǹkan. Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ ń kọ̀wé ni ó ti yẹ kí ó béèrè ìrànwọ́, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá gbà á tán. Kí òbí sì sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá purọ́ nípa owó tó ń wọlé fún un, bí wọ́n bá mọ̀, àyè ọmọ rẹ̀ ló fi tọrọ.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ALÁGBÀTÀ

Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ ènìyàn níbẹ̀ tí yóò bá yín "ṣètò" àyè, irọ́ ló ń pa. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gba gbogbo ẹni tó sanwó kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ṣa ọmọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an, ni wọ́n ti ń kọ̀wé.

Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ yìí náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà lọ fi owó ṣòfò. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan gbé e jáde pé òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá títẹ́wọ́ gba ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, mínísítà sọ pé yunifásítì márùn-ún péré ní Benin àti mẹ́ta ní Togo ni àwọn mọ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Gánà, kí ó béèrè lọ́dọ̀ àjọ tí ń mójú tó ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀ àti lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá bóyá wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ lọ sìnrú ìlú ni wọn yóò béèrè.

ÌGBÀ WO NI KÍ ÈTÒ BẸ̀RẸ̀?

Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí èsì WAEC jáde ti pẹ́ díẹ̀. Ní SS1 ni kí ọmọ ti mú iṣẹ́ kan tàbí méjì tí ó fẹ́ràn, kí ó sì dúró tì í. Ní SS2, kí ó ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tó wù ú ń béèrè, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àròkọ tí ẹlòmíràn yóò kà, tí yóò tún tún un kọ. Ní SS3, kí ó gba ìwé ìjẹ́rìí kó tó di pé ìdánwò gba olùkọ́ lọ́kàn, kí òbí náà sì ti kó ìwé owó jọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí pa JAMB tì. Ìsọlọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó padà di Pólì Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977, kó tó kó lọ sí Ìkòròdú, tí ó sì di yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kò bá mú ṣì lè gba ibẹ̀ dé èbúté.

Ṣùgbọ́n yálà wọ́n gba ọmọ tàbí wọn kò gbà á, ìbéèrè tí irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè yẹ ní bíbéèrè nínú gbogbo ilé. Kí òbí tí ó ti ń béèrè máàkì láti ọjọ́ yìí wá tún béèrè pé: ta ni nínú àwọn olùkọ́ rẹ ló mọ̀ ẹ́, kí ni yóò sì sọ nípa rẹ? Bí ọmọ náà kò bá rí orúkọ ẹnì kan dá, ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.