Ìsinmi Ilẹ̀: Àlàyé lórí Oko-Ṣíṣí Láàrin Àwọn Àgbẹ̀ Yorùbá

Ní ọdún 1957, àjọ FAO kéde pé oko-ṣíṣí ni ìdíwọ́ tí ó tóbi jù lọ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn ní àwọn ilẹ̀ olóoru tí òjò ti ń pọ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ìsinmi ilẹ̀ ni ìpìlẹ̀ àṣà náà, àti pé èdè àwọn àgbẹ̀ wa jẹ́rìí sí i.

Ẹgàn ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí rí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń ṣán igbó. Bí ó bá gbẹ, a ó sun ún, eérú rẹ̀ a sì di ajílẹ̀. A kì í gé ọ̀pẹ. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, a kì í gé igi igbá àti igi emi. Iṣu ni a kọ́kọ́ ń gbìn sórí ebè, pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀gúsí. Ẹ̀gẹ́ ni ó sábà ń gbẹ̀yìn, nítorí pé ó lè fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá mọ́. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ yóò sọ pé ilẹ̀ ti ṣá, tí yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi.

Ní ọdún 1960, Nye àti Greenland ṣàlàyé ohun tí ìsinmi yìí ń ṣe: gbòǹgbò igi ń fa oúnjẹ ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ewé tí ó ń wọ́ sílẹ̀ ń dá a padà sókè, òjìji igi sì ń pa èpò.

Ilẹ̀ tí ó ń sinmi ní olóhun. Pèrègún ni a fi ń pààlà rẹ̀. Òwe sì sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà.

Kíkúrú ìsinmi ni ewu tí ó wà níbẹ̀. Ènìyàn ti pọ̀ sí i. Kòkó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ì bá padà di igbó. Ilẹ̀ tí ó ń sinmi fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé àtijọ́ kì í rí ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ mọ́ ní ibi púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, dán an wò láti gbin àgúnmániyè ní ìlà-ìlà sáàrin irè, kí ewé rẹ̀ lè máa bọ́ ilẹ̀. Ìmọ̀ àwọn baba wa náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé igi náà pọ̀, àgbẹ̀ díẹ̀ ni ó sì gbà á.

Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ èdè má fi “ilẹ̀ àpatì” túmọ̀ ilẹ̀ tí ó ń sinmi. Ẹ jẹ́ kí a tọ àwọn àgbà àgbẹ̀ lọ, kí a gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.