Ìtọ́jú ọmọ ológbò Sphynx

Ológbò Sphynx, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ológbò aláìnírun, jẹ́ ẹ̀yà ológbò kan tí ó ṣẹ̀ wá láti ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni awọ ara rẹ̀ tí ó hàn gbangba, etí ńlá tí ó dúró ṣánṣán, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó yọ síta àti ikùn rogodo. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara ère òkúta ńlá Sphinx tí ó wà ní Giza ní ilẹ̀ Íjíbítì, ṣùgbọ́n ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ kò ti Íjíbítì wá. Àìnírun yìí ni ó mú kí títọ́ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí títọ́ ọmọ ológbò mìíràn, nítorí pé otútù, oòrùn àti ìdọ̀tí awọ ara tètè ń pa á lára. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí ẹ̀yà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọn yóò fi tó fi ìyá wọn sílẹ̀, bí a ṣe ń yan ilé tuntun fún wọn, àti àríyànjiyàn tí ó wà lórí bóyá ó tọ́ kí a máa bí wọn rárá.

Ìtàn

Ní ọdún 1966, abo ológbò onírun dúdú àti funfun kan tí ń jẹ́ Elizabeth bímọ ní Toronto. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí ó jẹ́ akọ, kò ní irun lára. Prune ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí Prune dàgbà, wọ́n mú un gun ìyá rẹ̀, wọ́n sì tún rí àwọn ọmọ aláìnírun mìíràn. Àmọ́ ìran tí ó ti ọ̀dọ̀ Prune wá kò fìdí múlẹ̀. Àwọn ológbò náà kò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sún mọ́ra jù, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì lágbára láti yè. Ìran náà parẹ́.

Ibi méjì mìíràn ni àwọn Sphynx òde òní ti ṣẹ̀ wá. Èkínní ni oko kan ní Wadena, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti bí àwọn ológbò aláìnírun méjì tí a sọ ní Epidermis àti Dermis láàárín ọdún 1975 sí 1976. Èkejì ni Toronto kan náà, níbi tí a tún ti rí àwọn ọmọ ológbò aláìnírun lẹ́yìn èyí. Méjì nínú àwọn ti Toronto, Punkie àti Paloma, ni a fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà tún sún mọ́ra jù bíi ti ìdílé Prune, àwọn ọlọ́sìn mú wọn gun Devon Rex, ẹ̀yà onírun wíwẹ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ CFA ti Amẹ́ríkà gbà kí Sphynx máa díje fún oyè níbi àfihàn ológbò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ológbò aláìnírun ni Sphynx. Ẹ̀yà Donskoy bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Rostov-on-Don ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1987, jíìnì mìíràn ni ó sì fà á.

Ìdí àìnírun

Àyípadà kan nínú jíìnì KRT71 ni ó fà á tí Sphynx kò fi ní irun. Jíìnì yìí ni ó ń darí ṣíṣe purotéènì kan tí ó wúlò fún ihò tí irun ń gbà hù. Bí purotéènì náà kò bá pé, irun lè hù, ṣùgbọ́n kò ní dúró dáadáa, á sì máa ṣẹ́ kúrò. Nítorí náà, ara Sphynx kì í fi bẹ́ẹ̀ dán pátápátá. Ẹni tí ó bá fọwọ́ pa á yóò rí i pé ó ní ìhùùhù tí ó rí bí aṣọ àrán.

Ọmọ kò lè wà láìnírun àfi bí ó bá gba jíìnì náà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá. Bí a bá mú Sphynx gun Sphynx, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ aláìnírun. Bí a bá mú Sphynx gun ológbò onírun tí kò ní jíìnì náà lára, gbogbo ọmọ ni yóò ní irun, ṣùgbọ́n wọn yóò gbé jíìnì náà sára. Bí àwọn irú ọmọ onírun bẹ́ẹ̀ méjì bá gun ara wọn, ìṣirò fi hàn pé ọ̀kan nínú ọmọ 4 ni yóò jẹ́ aláìnírun. Ti Donskoy kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé jíìnì láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ti tó.

Àyẹ̀wò kí a tó mú wọn gun ara wọn

Ìtọ́jú ọmọ bẹ̀rẹ̀ kí a tó lóyún rẹ̀. Àrùn tí ó ń da àwọn tí ń sin Sphynx láàmú jù ni àrùn ọkàn tí a ń pè ní HCM, nínú èyí tí iṣan ọkàn máa ń nípọn títí tí ọkàn kò fi ní lè gba ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Ológbò tí ó ní in lè máa ṣeré bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, kí ó sì kú lójijì. Àrùn náà lè má fara hàn nígbà èwe. Nítorí náà, kò tó kí oníṣègùn ẹranko fi ẹ̀rọ wo ọkàn òbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ní láti máa tún un ṣe ní ọdọọdún níwọ̀n ìgbà tí ológbò náà bá ṣì ń bímọ.

Àyẹ̀wò kejì ni ti irú ẹ̀jẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ A àti irú B ni ó wọ́pọ̀ lára ológbò, irú B sì pọ̀ lára Devon Rex tí ó wà nínú ìran Sphynx. Bí ìyá bá jẹ́ B, tí bàbá sì jẹ́ A, àwọn ọmọ tí ó bá gba ẹ̀jẹ̀ A yóò wà nínú ewu láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ mu ọmú. Wàrà àkọ́kọ́ tí ìyá ń sun ní àwọn èròjà tí ń gbógun ti àrùn, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan náà yóò ka ẹ̀jẹ̀ A sí ọ̀tá, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á run. Ọmọ tí a bí ní àlàáfíà lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí ṣáájú, a lè yẹra fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, tàbí kí a ká ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú ìyá fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sì fi wàrà mìíràn bọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Oyún ológbò máa ń gbà tó ọjọ́ 63 sí 65. Ọmọ tuntun sábà máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 100. Ojú rẹ̀ dì, kò lè gbọ́ràn dáadáa, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ọmọ ológbò yòówù ni èyí bá, ṣùgbọ́n ti Sphynx le jù, nítorí pé irun tí ìbá ran ara lọ́wọ́ kò sí. Ibi tí wọ́n bá sùn sí ní láti gbóná tó ìwọ̀n 29 sí 32 lórí tẹmómítà Celsius ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí apá kan ibùsùn náà tutù díẹ̀, kí ìyá àti ọmọ lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Rọ́bà omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kan awọ wọn. Aṣọ ni kí a fi wé e, torí pé awọ náà tètè ń jó.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀rẹ́ ọlọ́sìn ní àsìkò yìí. A ní láti máa wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ ní wákàtí kan náà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó ń ṣe dáadáa yóò máa fi nǹkan bí gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìwọ̀n rẹ̀ lójúmọ́. Èyí tí kò bá sanra sí i, tàbí tí ó ń jò, ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Kí a tó fún un ní oúnjẹ, kí a kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru, nítorí pé ọmọ tí ara rẹ̀ ti tutù kò lè da oúnjẹ. Wàrà tí a ṣe fún ọmọ ológbò ni kí a lò. Wàrà màlúù kò bá ikùn wọn mu.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí di ìgbà tí wọn yóò lọ

Láàárín ọjọ́ 7 sí 10 ni ojú wọn sábà máa ń là. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 títí di ọ̀sẹ̀ 7 ni ọmọ ológbò máa ń kọ́ ẹni tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Bí ènìyàn púpọ̀ kò bá gbé e ní àsìkò náà, ó lè ya ojora ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí ìdí èyí, ọlọ́sìn rere kì í tì wọ́n mọ́ inú àgò. Inú ilé ni wọ́n ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé, ìró ìkòkò àti ariwo ẹ̀rọ tí a fi ń gbálẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 4, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ rírọ̀, kí a sì gbé àpótí iyanrìn sí ìtòsí wọn kí wọ́n lè kọ́ ibi tí a ń yàgbẹ́ sí. Oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ń tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán.

Irun ni ó máa ń fa òróró tí awọ ológbò ń sun. Lára Sphynx, òróró náà máa ń dúró sórí awọ, á kó eruku, á sì máa yi aṣọ àti ìjókòó. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń kó sínú etí àti sí ìdí èékánná pẹ̀lú. Fún ìdí èyí, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn máa ń wẹ̀ wọ́n ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó dára kí a ti mú ọmọ mọ omi lára kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí pé ológbò tí kò bá kọ́ ìwẹ̀ léwe yóò máa bá olówó rẹ̀ jà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fífi wọ́n sí ilé tuntun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ láti máa ta ẹranko kò gbọdọ̀ ta ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn ọlọ́sìn ẹ̀yà ológbò sábà máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ 12 sí 13, kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lè ti ṣiṣẹ́, kí ọmọ sì ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun àbúrò rẹ̀. Òfin tí a mọ̀ sí Òfin Lucy, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, fòfin de kí alágbàtà máa ta ọmọ ajá tàbí ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù 6. Olùrà ní láti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bí i, kí ó rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tàbí kí ó lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko tí a kọ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ó sì ti di dandan níbẹ̀ kí ológbò ilé ní ṣíìpù ìdánimọ̀ lábẹ́ awọ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 20.

Òfin nìkan kò tó láti fi dáàbò bo ọmọ ológbò. Ọlọ́sìn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bi olùrà ní ìbéèrè bí olùrà náà ṣe ń bi í. Ta ni yóò wà nílé lọ́sàn-án? Ǹjẹ́ ilé náà máa ń móoru nígbà òtútù? Ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́? Ṣé owó wà fún àyẹ̀wò ọkàn? Sphynx fẹ́ràn kí ó máa wà lára ènìyàn, kò sì yẹ fún ilé tí kì í sí ènìyàn.

Ìbéèrè kan tí kò yẹ kí a gbàgbé ni ti ẹni tí ológbò ń mú sín. Ọ̀pọ̀ gbà pé ológbò tí kò ní irun kò lè fa irú ìnira yìí. Èrò náà kò tọ̀nà. Purotéènì Fel d 1, tí ó máa ń fa púpọ̀ nínú ìnira náà, wà nínú itọ́ àti òróró awọ ológbò, Sphynx sì ní méjèèjì. Ẹni tí ó bá ra ọmọ nítorí ìgbàgbọ́ yìí lè rí i láìpẹ́ pé òun kò lè bá a gbé. Ó sàn kí ó lọ lo wákàtí púpọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà Sphynx kí ó tó san owó.

Ìwé àdéhùn tí ó péye máa ń ní èsì àyẹ̀wò ọkàn àwọn òbí, àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́, àti ìlérí pé a ó tẹ ọmọ náà lọ́dàá bí ó bá jẹ́ akọ, tàbí kí a ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó bímọ bí ó bá jẹ́ abo. Ìlà tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni èyí tí ó sọ pé, bí olówó rẹ̀ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọlọ́sìn yóò gbà á padà, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọdún 10. Ìlà yìí ni kì í jẹ́ kí ológbò tí kò lè fara da otútù di ẹran òpópónà.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan kò gbà pé ìtọ́jú rere tó. Ọ̀pọ̀ Sphynx ni kò ní irunmú rárá, àwọn mìíràn sì ní èyí tí ó kúrú tí ó sì ká. Irunmú yìí ni ológbò fi ń mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn, tí ó sì fi ń mọ ohun tí ó wà nítòsí ẹnu rẹ̀. Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Berlin ní Jámánì fara mọ́ àṣẹ tí ó ní kí a má ṣe fi akọ ológbò aláìnírun kan bímọ mọ́, torí pé àìní irunmú jẹ́ ìjìyà fún ọmọ tí yóò bí. Ní Nẹ́dálándì, níbi tí a ti tọ́jú Punkie àti Paloma, òfin kò gba kí ènìyàn mú ológbò aláìnírun tuntun sọ́dọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026. Àwọn tí a ti bí ṣáájú ọjọ́ náà, tí wọ́n sì ní ṣíìpù ìdánimọ̀, lè wà lọ́dọ̀ olówó wọn títí ọjọ́ ikú.

Àwọn ọlọ́sìn dáhùn pé Sphynx tí a fi ìmọ̀ bí, tí a sì tọ́ nínú ilé, ń gbé ìgbé ayé aláyọ̀, àti pé ìfòfindè lè lé iṣẹ́ náà lọ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe àyẹ̀wò kankan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbà pé ológbò yìí kò lè dá wà láìsí ènìyàn. Ní ti àwọn tí a ti bí, iṣẹ́ tí ó kù ni kí a wá ilé tí ó mọ ohun tí ó ń gbà fún wọn.