Ọrùn Gìtá Tó Nípọn: Ta Ló Yẹ, Báwo La Sì Ṣe Ń Yàn Án?

Nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, tó gba nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ilé wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni mo wà. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́ ni mo kó lé gìtá oníná kan. Fọ́tò orí WhatsApp ni mo ti rí i: ó pupa, ó ń dán, ọrùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ layé ń lò báyìí, pé yóò jẹ́ kí ọwọ́ mi yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lè ta orin ìyìn ọjọ́ Ìsinmi tán kí pajápajá má mú mi ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Mo rò pé mi ò ṣe dáadáa tó ni, mo bá fi wákàtí kún wákàtí. Ìrora náà ń le sí i.

Bàbá kan tó ti ń ta gìtá nínú ìjọ kí wọ́n tó bí mi ló yọ mí. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo gìtá náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkọ́ ọmọdé lo gbé lọ sóko yìí o." Wọ́n gbé gìtá àtijọ́ tiwọn fún mi. Ọrùn rẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ mi dáadáa. Mo ta orin mẹ́rin léraléra, nǹkan kan ò ṣe mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ṣùgbọ́n owó mi ti lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra gìtá, pàápàá ẹ̀yin tí àtẹ́lẹwọ́ yín gbòòrò tàbí tí ìka yín gùn. Ọrùn tó nípọn kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe àmì pé gìtá ti gbó. Ìwọ̀n ni, bíi ti bàtà. Ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n tiwa kí a tó sanwó.

Nǹkan mẹ́ta tí a ń dà pọ̀

Ọrùn ni igi gígùn tí a ń dì mú nígbà tí a bá ń tẹ okùn. Bí ẹnì kan bá ní ọrùn gìtá kan "tóbi", ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló lè ní lọ́kàn.

Èkíní ni fífẹ̀, ìyẹn láti etí kan dé etí kejì. Ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n ni orí ọrùn, níbi egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá kó tó dé ibi tí a ti ń lọ́ ọ. Gìtá oníná sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 41 sí 43. Gìtá akústíìkì olókùn irin, ìyẹn èyí tí kò nílò iná kó tó dún, máa ń jẹ́ 43 sí 45. Kílásíkà olókùn ọ̀rá máa ń jẹ́ 50 sí 52.

Èkejì ni nínípọn, ìyẹn láti ojú pátákó tí ìka ń tẹ̀ dé ẹ̀yìn igi. Ibi méjì la ti ń wọ̀n ọ́n, fírẹ́ẹ̀tì kìíní àti fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, torí ọ̀pọ̀ ọrùn ló máa ń nípọn sí i bó ṣe ń sún mọ́ ara gìtá. Ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, mo ka mìlímítà 19 sí tẹ́ẹ́rẹ́, 20 sí 21 sí agbedeméjì, 22 lọ sókè sí nínípọn.

Ẹ̀kẹta ni bí ẹ̀yìn igi náà ṣe rí. Lẹ́tà ni àwọn oníṣẹ́ gìtá fi ń pè é. C rí roboto bí ìlàjì ọsàn. D tẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn. U kún léjìká lọ́tùn-ún lósì. V sì ní igun láàárín, bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ọrùn méjì lè jẹ́ mìlímítà 22 bákan náà, kí U kún ọwọ́ ju V lọ, torí igi pọ̀ léjìká rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó lọ́wọ́ ńlá á lọ ra gìtá tó fẹ̀, á rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀. Fífẹ̀ ń jẹ́ kí ìka ráàyè láàárín okùn. Nínípọn ló ń gbé àtẹ́lẹwọ́ ró. Ẹni tí ìka rẹ̀ ń tẹ okùn méjì pọ̀ nílò fífẹ̀. Ẹni tí pajápajá ń mú bíi tèmi nílò nínípọn. Ẹlòmíràn nílò méjèèjì.

Kí ló dé tí tàtijọ́ fi nípọn?

Okùn irin mẹ́fà tí a lọ́ le lórí akústíìkì ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí 70 kílò. Ìyẹn ju ẹrù àpò ìrẹsì ńlá kan lọ. Láyé àtijọ́, igi nìkan ló ń kojú agbára yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi ń fi igi púpọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Thaddeus McHugh, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irin tí a ń fi sínú ọrùn tí a sì lè lọ́ kí ọrùn má baà tẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1923. Irin yìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti dín igi kù.

Síbẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ Martin kò fi irin tó ṣeé lọ́ sínú akústíìkì rẹ̀ títí di 1985. Gìtá oníná tí Fender ṣe ní 1950 àti 1951 ní ọrùn tó kún bíi U. Les Paul tí Gibson ṣe ní 1958 nípọn, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1960, ọrùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ onígìtá ń bá ara wọn díje lórí eré ìka, Ibanez sọ ọ́ di pẹlẹbẹ.

Àsìkò tí ọrùn nínípọn ṣì wọ́pọ̀ ni gìtá fìdí múlẹ̀ nínú orin tiwa. Túndé King gba orin jùjú sínú àwo ní 1936. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú jùjú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fojú ẹgbin wo ọrùn tó nípọn, ohun tí àwọn aṣáájú onígìtá ayé fi kọ́ ọwọ́ ló ń fojú ẹgbin wò.

Kí ni ọrùn ń ṣe fún ọwọ́?

Tí a bá di nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ mú, ìka gbọ́dọ̀ ká wọlé púpọ̀ kí àtàǹpàkò tó rí ibi tì. Bí ọwọ́ bá tóbi, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀ṣẹ́. Iṣan ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò á máa fún pọ̀ láìsinmi. Ọrùn tó nípọn á la ọwọ́ sílẹ̀, igi á gbé ìwúwo ọwọ́, àtàǹpàkò á sì sinmi. Ní Ọ̀pin, àgbẹ̀ kì í ra ọkọ́ láìdi èèkù rẹ̀ mú. Àwa onígìtá ló ń ra tiwa nínú fọ́tò.

Mi ò sọ pé ọrùn nínípọn ń wo àìsàn o. Okùn tó ga jù lórí pátákó ń fa ìrora. Kí a máa fi gbogbo agbára tẹ àtàǹpàkò mọ́ igi ń fà á. Àìsinmi náà ń fà á. Bí ìka bá ń kú tàbí tí ìrora kò lọ lẹ́yìn ìsinmi, ilé ìwòsàn ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọrùn nínípọn kò yẹ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré á máa nàgà kó tó dé okùn kẹfà, ìyẹn náà sì ní ìrora tirẹ̀.

Yíyan akústíìkì

Ẹni tó bá ń lo okùn ọ̀rá lè bẹ̀rẹ̀ láti kílásíkà. Ọrùn rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń nípọn, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní irin nínú. Ẹni tó fẹ́ olókùn irin, kí ó wá èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 44 tàbí 45, tí nínípọn rẹ̀ sì tó 22 ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Akústíìkì ayé àtijọ́ tí ọrùn rẹ̀ ní igun V náà tọ́ sí ìgbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kan èyí. Ní Kwara, igi máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, á tún fa omi nígbà òjò, ọrùn á sì máa yí díẹ̀díẹ̀. Igi tó nípọn kì í tètè tẹ̀. Bí nínípọn igi bá kúrò ní 20 tó di 24, líle rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po 1.7 ti tẹ́lẹ̀ bí gbogbo nǹkan yòókù bá dọ́gba. Irú igi náà ṣe pàtàkì: ọ̀gànwó tí àwọn káfíńtà wa mọ̀ dáadáa wà lára igi tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun fi ń ṣe ọrùn gìtá.

Yíyan oníná

Níbí ni ìṣòro pọ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ gìtá oníná olówó pọ́ọ́kú ló ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ní àfijọ Telecaster ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 tàbí Les Paul 1958 ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Nínípọn wọn máa ń sún mọ́ mìlímítà 23 ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, ó sì lè tó 25 ní kejìlá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ nìkan. Gìtá méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní ọrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ rántí pé oníṣẹ́ tó mọ ibi tí irin inú ọrùn dé lè fá ọrùn tó nípọn jù. Kò sẹ́ni tó lè fi igi kún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù kó sì dára. Tí ẹ bá wà láàárín méjì, ẹ mú èyí tó nípọn.

Kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ di ọrùn náà mú bí ẹní di èèkù àdá. Bí orí ìka yín bá wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́ fún yín. Bí àlàfo ńlá bá wà láàárín ìka àti àtàǹpàkò, ó nípọn jù.

2. Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù F fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ máa tu ú kí ẹ sì máa tún un tẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò bá gbóná, ẹ fi gìtá náà sílẹ̀.

3. Bí ẹ ò bá lè lọ síbẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi kálípà wọ̀n ọ́n ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní àti kejìlá, kí nọ́ńbà hàn nínú fọ́tò. Ó lè yá kálípà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí i.

4. Ẹ wo ọrùn láti ìdí lọ sókè bí ẹní ń wo pákó bóyá ó gún. Ẹ bèèrè bóyá irin inú rẹ̀ ṣì ń yí.

Láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, Òmù-Àrán ni à ń gbà lọ sí Ìlọrin. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ dùn mí nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ra gìtá nínú fọ́tò. Ohun tí mo pàdánù ju owó ọkọ̀ lọ. Gìtá pupa yẹn ṣì wà nílé. Àbúrò mi obìnrin ló ń ta á báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kéré, pajápajá ò mú un rí. Gìtá náà dára. Ọwọ́ mi ni kò bá a mu.