Iṣẹ́ Driver Nígbà Tí Ìròyìn Bá Bàjẹ́ Lójú Serial Port

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gba ìránṣẹ́ láyè láti fi ọgbọ́n tún iṣẹ́ ṣe. Ìránṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Òun ni ètò tí à ń pè ní driver, èyí tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn, tó sì ń jẹ́ ẹ fún àwọn ètò yòókù. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tó yẹ kí driver ṣe bí ìròyìn bá bàjẹ́ lójú serial port.

Bí Àṣìṣe Ṣe Ń Wáyé
Lójú serial port, bíìtì, tí í ṣe 0 tàbí 1, ń tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí wáyà. Nínú ìlànà ASCII, 0110011 ni àmì 3, 0110111 sì ni àmì 7. Bíìtì kan péré ló yà wọ́n. Bí òṣùwọ̀n bá fi 38 ránṣẹ́, tí bíìtì yìí sì yí padà lọ́nà, 78 ni yóò dé.

Bíìtì ìyẹ̀wò tí à ń pè ní parity lè tú àṣírí èyí, nítorí pé ó ń ṣọ́ bóyá iye 1 tó wọlé ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí bíìtì méjì bá yí padà, 3 lè di 5, tí í ṣe 0110101, parity kò sì ní fura.

Oríṣi àṣìṣe mìíràn ni framing: bíìtì ìparí kò sí níbi tó yẹ, bóyá nítorí pé ìyára ẹ̀rọ méjèèjì kò bára mu. Overrun ní tirẹ̀ ni kí ìròyìn tuntun dé kí a tó kó ti àtijọ́. Àmì 16 ni ẹ̀rọ 16550A lè tọ́jú. Bí bíìtì 9,600 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, driver tó bá falẹ̀ fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá yóò pàdánù ìròyìn.

Ojúṣe Driver
Ẹ̀rọ 16550A ń kọ àṣìṣe sí Line Status Register. Kíkà tí a bá kà á ni yóò pa àkọsílẹ̀ àṣìṣe náà rẹ́. Nítorí náà, driver gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á, kí ó tọ́jú ohun tó rí, kí ó tó mú àmì tó wọlé. Lẹ́yìn èyí, yóò fi èdìdì àṣìṣe sára àmì náà, yóò ka àṣìṣe náà mọ́ iye tó ti ṣẹlẹ̀, yóò sì fi í ránṣẹ́ sókè. Nínú Linux, TTY_PARITY, TTY_FRAME àti TTY_OVERRUN wà lára àwọn èdìdì bẹ́ẹ̀.

Driver kò gbọ́dọ̀ méfò pé 7 yìí, 3 ni. Ètò tó ń lo ìròyìn náà ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ni yóò béèrè pé kí a tún un rán. Òun náà ni yóò ṣètò checksum, kí àṣìṣe bíìtì méjì tí parity kò rí má baà kọjá.

Àgbálọgbábọ̀
A ti rí i pé iṣẹ́ driver kì í ṣe láti wo ìròyìn sàn, bí kò ṣe láti jẹ́rìí òdodo nípa ipò tó bá a. Olùkọ́ lè kọ 3 àti 7 yìí sójú pátákó, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yí bíìtì kan padà. Bí òǹkà náà bá jẹ́ ìwọ̀n oògùn aláìsàn, wọn yóò rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ driver lè fà.