Àbàwọ́n Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Irin àti Bàbà nínú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Inú Ilé

Orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí ó ti la ọ̀nà sílẹ̀ kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì náà ni ìdọ̀tí àti àbàwọ́n.

Ìdọ̀tí ni ohun tí ó bà lé nǹkan láti òde: eruku, ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà. Bí a bá fọ̀ ọ́, yóò lọ. Àbàwọ́n ni ohun tí ó wọ ara nǹkan, tí ó sì mú un ní àwọ̀. A lè gbá ìdọ̀tí dànù. Kò sí ẹni tí í gbá àbàwọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ àbàwọ́n nínú ìwà ènìyàn, tí aṣọ àlà Ọbàtálá sì fi di àmì ohun tí kò ní àbàwọ́n rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ohun tí apá búrọ́ọ̀ṣì kò ká.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ilé kan tí mo mọ̀, wọ́n dá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú adágún dúró lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ògiri adágún náà pọ́n bí amọ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n gba ẹlòmíràn. Òun náà ha ògiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó sì da kílóríìnì sí omi ní ìlọ́po méjì. Ṣe ni ògiri tún pọ́n sí i. Kò sí ọ̀lẹ nínú àwọn méjèèjì. Omi tí wọ́n ń fà láti inú ilẹ̀ ni ó gbé irin wá.

1. Ibi tí àbàwọ́n ti ń wá

Ilẹ̀ pupa tí a ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ilé-Ifẹ̀, irin ni ó fún un ní àwọ̀ náà. Omi òjò tí ó bá rin ilẹ̀ yìí wọlé yóò bá irin pàdé. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ọ́síjìn kò tó, irin lè yọ́ sínú omi bí iyọ̀, tí ojú kò ní rí i. Bí a bá bu irú omi bẹ́ẹ̀ láti ẹnu kànga dẹ̀rọ sínú ife, yóò mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ife náà kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti kan irin náà, ó ti sọ ọ́ di ìpẹtà. Ìpẹtà kì í yọ́ nínú omi bẹ́ẹ̀. Ó ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ó bá bà lé.

Iṣẹ́ kan náà yìí ni kílóríìnì ń ṣe, ó sì yá ju ọ́síjìn lọ. Ìdí nìyí tí omi tí ó mọ́ láàárọ̀ fi lè dà bí tíì lẹ́yìn tí a bá da kílóríìnì sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí irin bá ti ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi kan, ó lè kó àbàwọ́n bá aṣọ àti ohun èlò omi. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí adágún kan bá gba lítà 50,000, tí irin sì jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 100 irin ni a dà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pọn ọ́n kún. Oòrùn ń fa omi lọ, kì í fa irin. Gbogbo omi tí a bá sì bù kún un tún ń gbé irin tirẹ̀ wá.

Irin nìkan kọ́ ni ó ń ṣe èyí. Bàbà ń wá láti inú páìpù tàbí ẹ̀rọ ìgbómigbóná, pàápàá bí omi bá kan jù. Ó sì ń wá láti inú àwọn oògùn kan tí a fi ń pa èéhọ̀. Àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró ni ó máa ń fi sílẹ̀. Máńgánísì ní tirẹ̀ máa ń dúdú, tàbí kí ó ní àwọ̀ elésè-àlùkò.

2. Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Ewé pẹ̀lú ń kó àbàwọ́n báni. Ẹni tí ó bá ti fún ewé tíìkì tútù lọ́wọ́ rí mọ èyí. Nítorí náà, kí á tó ra oògùn, ẹ jẹ́ kí á bi àbàwọ́n léèrè irú ẹni tí ó jẹ́. Ẹ mú hóró fítámìnì C kan, kí ẹ fi í pa ojú àbàwọ́n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣí, irin ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí kò bá ṣí, ṣùgbọ́n tí kílóríìnì díẹ̀ mú un ṣí, ewé tàbí èso ni.

3. Bí a ṣe lè yọ ọ́

Àwọn ìyá wa a máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa ojú ìpẹtà lára aṣọ funfun, wọn a sì sá a sóòrùn. Ọgbọ́n ni. Kíkan inú ọsàn ń tú ìpẹtà. Fítámìnì C, tí Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní 1928, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937, ń sọ ìpẹtà padà di irú irin tí ń yọ́ nínú omi. Ohun tí kílóríìnì ṣe ni ó ń tú.

Ìlànà rẹ̀ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí á jẹ́ kí kílóríìnì inú omi lọ sílẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé ó ń ba fítámìnì C jẹ́. Láàárín àkókò yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú omi, torí kò sí ohun tí ń pa kòkòrò níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kí á mú pH omi wá sí nǹkan bí 7.2. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí á wọ́n ìyẹ̀fun fítámìnì C sí i, gíráàmù 6 sí 12 fún lítà 1,000, kí ẹ̀rọ sì máa yí omi ká. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí á da oògùn tí ń di irin mú sí i, kí irin má baà tún lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni a óò máa dá kílóríìnì padà ní díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: àbàwọ́n ti kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n irin ṣì wà nínú omi. Oògùn tí ó dì í mú kì í pẹ́ títí, a gbọ́dọ̀ máa fi kún un. Àfi bí a bá da omi yẹn nù, kí á sì fi omi tí kò ní irin dípò rẹ̀, ni a tó lè sọ pé irin ti lọ.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú délé. Ẹ má ṣe da ásíìdì àti kílóríìnì pọ̀ láé, ẹ má sì ṣe kó wọn sínú yàrá kan náà. Afẹ́fẹ́ olóró ni ìdàpọ̀ wọn ń gbé jáde. Afẹ́fẹ́ kílóríìnì yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú lé àwọn ọ̀tá wọn lórí nítòsí Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Òṣìṣẹ́ tí a kò ṣàlàyé èyí fún, ẹ̀mí rẹ̀ ni a fi ń ṣeré.

4. Ìdènà

Kí á yẹ omi wò kí á tó pọn ọ́n sínú adágún. Bí irin bá wà nínú rẹ̀, kí á jẹ́ kí ó máa rọ̀ wálẹ̀ bí òjò sínú táńkì kan, kí afẹ́fẹ́ lè kàn án. Kí á jẹ́ kí ó tòrò, kí á sì sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dúró sẹ́yìn. Kí á máa tọ́jú pH láàárín 7.2 àti 7.6. Kí á ṣa ìṣó àti pín-ìnnì irun kúrò nísàlẹ̀ omi. Bí ojú ìpẹtà kan ṣoṣo bá sì ń padà sí ibì kan náà lára kọnkéré, ó ṣeé ṣe kí irin inú kọnkéré ti sún mọ́ ojú. Bíríkìlà ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn, kì í ṣe olóògùn.

Ẹ lè ní ẹ kò ní adágún. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni ó ń pọ́n nínú báàfù yín, tí ó ń ba aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ yín jẹ́. Kí á wádìí omi kí á tó dá alágbàfọ̀ lẹ́bi. Ohun tí omi bá gbé wá, láti orísun ni a ti í dá a dúró.